Abẹ́rẹ́ Agbára Ọkùnrin àti Ọ̀nà Ọmọ

Omi ara kan wà tí í mú kí ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin rinlẹ̀, kí irùngbọ̀n rẹ̀ sì hù. Testosterone ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Inú kórópọ̀n ni ó ti ń jáde, ọpọlọ ni ó sì ń pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá dín kù nítorí àìsàn ni dókítà í fún ní abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ara kì í gbà á lọ́jọ́ kan. Ìfẹ́ sí obìnrin lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Iṣan a máa le lẹ́yìn bí oṣù 3 tàbí 4. Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú a máa ki sí i, nítorí náà ni dókítà ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Èyí tí ó burú jù kò hàn sójú. Bí aládùúgbò bá ń gbé láfún wá fún ilé kan lójoojúmọ́, ìyá ilé yóò pa iná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń ṣe: ó dá àṣẹ dúró, kórópọ̀n súnkì, irúgbìn inú àtọ̀ sì dín kù. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1990, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ọkùnrin tí a ń gún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí a kò rí irúgbìn kankan nínú àtọ̀ wọn mọ́ láàárín oṣù 6. Bí a bá dá abẹ́rẹ́ náà dúró, irúgbìn a máa padà, ṣùgbọ́n kì í yá.

Ọkọ tí ń wá ọmọ, tí ó sì ń ra abẹ́rẹ́ yìí fúnra rẹ̀, ọ̀nà ọmọ gan-an ni ó ń dí. Kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní òwúrọ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ fún dókítà pé òun ṣì fẹ́ bímọ. Bí ó bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe fi í pamọ́.