Àpótí Ìmọ̀: Rélùwéè Tí Okokomaiko Ń Retí

Ojú irin tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 kò gba Ọ̀jọ́, níbi tí Okokomaiko wà, kọjá. Ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Ìpínlẹ̀ Èkó ló máa mú rélùwéè dé ibẹ̀: kìlómítà 27, láti Marina dé Okokomaiko, iná mànàmáná ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lò. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, àmọ́ Mile 2 ni wọ́n parí apá kìíní sí, kìlómítà 13 péré. Nítorí náà, inú dáńfó ni akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́ ṣì ń há mọ́ ní Ìyànà-Ìbà, tí kọ̀ndọ́ ń pariwo pé, “Mile 2! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tètè parí apá kejì.