Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì Tòkunbọ̀ àti Ohun Tí Wọn Kò Sọ fún Yín

Ní ọjà ọkọ̀ Berger, ní òpópónà Àpápá sí Òṣòdì ní Èkó, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló kún ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Corolla, Camry àti jíìpù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn wọnú ọjà náà dáadáa, ẹ óò rí irú ọkọ̀ mìíràn láàárín wọn. Ó sún mọ́lẹ̀, táyà rẹ̀ fẹ̀, ẹnu salẹ́ńsà rẹ̀ tóbi, bí wọ́n bá sì ṣíná sí i, gbogbo ọjà ló máa mọ̀. Ọkọ̀ spọ́ọ̀tì nìyẹn. Ẹ̀kọ́ òní dá lórí bí a ṣe ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí ẹnì kan ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ó lè máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, tí wọn kò sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ra ọkọ̀ yìí, owó àjọ ni wọ́n kó, tàbí owó tí wọ́n yá ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọkọ̀ á wà nílẹ̀, gbèsè á sì wà lọ́rùn. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí pé ohun tó pa ẹ́ńjìnì náà ti wà nínú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ olówó, àyẹ̀wò ìdajì ọjọ́ kan sì lè fi í hàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Subaru Impreza WRX ni. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ń ṣe é, ọdún 1992 ló sì kọ́kọ́ jáde. Ó lórúkọ gan-an nídìí eré ìje. Impreza ni Colin McRae, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà tó fi gbapò kìíní nínú ìdíje rally àgbáyé ní ọdún 1995. Richard Burns fi í gbapò náà ní 2001, Petter Solberg sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2003. Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ra WRX gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2002. Nígbà tó di ti 2004, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ STI dé ọ̀dọ̀ wọn, tòun ti agbára ẹṣin 300. Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Ohun tí wọ́n bá fi ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, àwa la máa ń bá a níbí.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tọ́ọ̀bò. Ẹ́ńjìnì máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó máa ń pò ó mọ́ epo, púlọ́ọ̀gì á sì ṣáná sí i. Agbára iná yẹn ló ń ti písítínì, písítínì ló sì ń mú kí táyà yí. Tọ́ọ̀bò jẹ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì lórí irin kan. Èéfín tó ń jáde lọ sínú salẹ́ńsà ló ń yí abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́. Èkejì á bá a yí, á sì máa fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni epo tí a lè jó ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bréènì bọ́ọ̀sì, ló ń pàṣẹ iye afẹ́fẹ́ tí tọ́ọ̀bò máa tì, iye epo tó máa bá a lọ, àti ìgbà gan-an tí púlọ́ọ̀gì máa ṣáná.

Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ rẹ̀ lè yí àṣẹ inú bréènì bọ́ọ̀sì yìí padà láàárín ọ̀sán kan, láìtú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo nínú ẹ́ńjìnì. Ó lè ní kí tọ́ọ̀bò máa ti afẹ́fẹ́ ju èyí tí ilé iṣẹ́ Subaru fọwọ́ sí lọ. Ọkọ̀ á yára sí i lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Àwọn mìíràn máa ń fi ohun tó ṣeé fojú rí kún un. Wọ́n á yọ kátálíìsì, ìyẹn àpótí irin tó ń dín oró èéfín kù lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì fi páìpù gbọọrọ tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ka yíyọ kátálíìsì sí ìrúfin, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ẹlòmíràn á dá páìpù àtijọ́ padà, kò ní dá àṣẹ inú bréènì bọ́ọ̀sì padà. Ẹlòmíràn á dá àṣẹ padà, á fi páìpù sílẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì rò pé ó wà lára ọkọ̀ kò bá ohun tó wà níbẹ̀ mu mọ́. Epo tó ń fún ẹ́ńjìnì lè dín jù, ó sì lè pọ̀ jù.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì nígbà náà. Ó yẹ kí epo gbaná nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá ṣáná, kí ó sì jó wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tì bá pọ̀ jù, tí ooru pọ̀, tí epo kò sì le tó, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gbaná fúnra rẹ̀ lójijì. Ìgbaná òjijì yẹn á máa lu orí písítínì, ẹ ó sì máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ọkọ̀ bá ń fipá gun òkè. Ẹ́ńjìnì lítà 2.5 ti STI kò fẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ríǹgì kan àti èkejì lára písítínì ló máa ń sán. Àwọn tó ń tún Subaru ṣe mọ̀ pé písítínì kẹrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ kàn. Bí ibẹ̀ bá ti sán, agbára á dín, ọ́ìlì á máa gba ibẹ̀ wọ ibi tí iná wà, èéfín búlúù á sì máa jáde lẹ́yìn ọkọ̀.

Epo bẹntiróòlù gan-an tún dá kún un. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tó ń fi bí epo ṣe le tó hàn wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta á. STI ń fẹ́ epo olówó ńlá, nọ́ńbà 91 sókè lọ́nà tí wọ́n ń gbà kà á, àwọn tó sì ń yí bréènì bọ́ọ̀sì padà sábà máa ń ṣe é fún nọ́ńbà 93. Epo tí à ń rà ní àwọn ilé epo wa lójoojúmọ́ kò le tó ìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n wà ní Atlanta tí nǹkan kan kò ṣe é lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ písítínì ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nínú oòrùn ọ̀sán. Awakọ̀ rẹ̀ kò sì ṣe ohun búburú kankan.

Ta ló yẹ kó sọ fún yín? Ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà lè ti fi í kọlu nǹkan. Ilé iṣẹ́ adójútòfò á san owó rẹ̀ fún un, wọ́n á sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní gbàǹjo, bíi ti Copart. Ẹnì kan á rà á níbẹ̀ láti inú àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Èkó tàbí Kútọnu. Panẹ́lì bítà á nà án, wọ́n á kùn ún, ó di ọkọ̀ tuntun lójú. Nígbà tó bá fi dé ọwọ́ aláròóbọ̀ tó ń tà á fún yín, ó lè jẹ́ pé òun náà kò mọ nǹkan kan nípa bréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ lóòótọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò fẹ́ mọ̀, nítorí ohun tí wọn kò mọ̀, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n sọ ọ́. Àìmọ̀ wọn kò sì dín iye tí ẹ máa fi ra ẹ́ńjìnì mìíràn ní ọjà Ládípọ̀ kù.

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì yìí rí?"

"Àbúrò mi, bó ṣe wọlé nìyẹn o. Ẹ máa wà á lọ sílé ni."

"Ṣé wọn ò tíì yí bréènì bọ́ọ̀sì ẹ̀ padà?"

"Ẹ gbọ́ ìró ẹ̀ ná! Ṣé ọkọ̀ tó níṣòro á máa dún báyìí?"

Ẹ ka ìdáhùn wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kejì. Ìbéèrè méjì ni, ọlọ́jà kò sì dáhùn ìkankan. "Bó ṣe wọlé nìyẹn" ń sọ nípa ìrìnàjò ọkọ̀ lójú omi, kò sọ nípa ohun tí wọ́n ṣe sí i kó tó wọ ojú omi. Bí ẹ bá béèrè ohun tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dúró títí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ má dá lọ. Ẹ mú mẹkáníìkì tó mọ Subaru dání, tí kì í ṣe ẹni tí ọlọ́jà bá yín pè. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé kí ó má ṣíná sí ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti ṣíná sí i, àléébù tí ẹ́ńjìnì tútù ì bá fi hàn sì ti fara pamọ́. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá tutù, ẹ ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí. Ọ́ìlì tó funfun bí ògì lábẹ́ ìdérí yẹn lè túmọ̀ sí pé omi ti wọ inú rẹ̀, pé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìtíì ṣíná, kí ẹ sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná aláwọ̀ ọsàn tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn. Bí ẹ bá ṣíná tán, ó gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí pa á lẹ́nu mọ́, kí ẹ má baà rí ohun tó fẹ́ sọ. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ló ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀, ibẹ̀ ni rewáyà máa ń ki ẹ̀rọ skánà bọ̀. Skánà á sọ àléébù tí bréènì bọ́ọ̀sì ti kọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń pa àkọsílẹ̀ yìí rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Ẹ má mikàn. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, skánà á fi hàn pé àyẹ̀wò tí ọkọ̀ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì parí, ó sì gba kí wọ́n wà á fún ọjọ́ mélòó kan kó tó parí. Ọkọ̀ tí ọlọ́jà ní òun ń wà kiri lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì parí, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù ni ti kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n. Mẹkáníìkì á yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á fi gééjì sí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì kọ nọ́ńbà tó bá rí sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kéré sí àwọn tó kù, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Subaru máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí pẹ́, nítorí pé písítínì rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni, méjì lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún, ọwọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè dé ibi púlọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì lè sọ pé kò pọn dandan. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí ó ṣe é.

Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. JF1 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Impreza tó wá láti Japan. Nọ́ńbà ibi méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà yìí wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí àwòrán rẹ̀ bó ṣe rí ní gbàǹjo, kí panẹ́lì bítà tó fọwọ́ kàn án.

N kò ní kí ẹ má ra ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe. Ọkọ̀ tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi písítínì tó le sí, tí rìsíìtì gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀, lè dára ju èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn tí wọ́n sì fi ń sáré àsápajúdé lọ. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ ni mo ní kí ẹ sá fún.

Òfin wà. Ìjọba àpapọ̀ ní òfin kan tó dáàbò bo oníbàárà, òfin náà sì lòdì sí kí ọlọ́jà máa parọ́ nípa ọjà rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba Èkó dá kóòtù ẹ̀sùn kéékèèké sílẹ̀ fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ni kóòtù máa ń béèrè, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Nítorí náà, lẹ́yìn orúkọ àti iye owó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbólóhùn yìí sínú rìsíìtì yín:

"Èmi, ________, ni mo ta ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ________ fún ________. Mo jẹ́rìí pé wọn kò yí bréènì bọ́ọ̀sì, tọ́ọ̀bò, písítínì àti salẹ́ńsà rẹ̀ padà, yàtọ̀ sí àwọn tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí: ________."

Ẹ da gbólóhùn náà kọ sínú ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ orúkọ yín sí àlàfo ẹni tó ń rà á. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ẹ má sanwó fún un.