Bí Ìrànwọ́ Oúnjẹ Bá Dúró: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Béèrè Kí A Tó Sanwó fún Ẹnikẹ́ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nítorí èyí ni àwọn ìjọba ṣe máa ń ṣe ètò láti fi oúnjẹ, tàbí owó tí a ó fi ra oúnjẹ, ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ tí ó dé lóṣù yìí lè má dé lóṣù tí ń bọ̀, ìwé tí ó sì sọ ìdí rẹ̀ lè má yé ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn a rò pé wọ́n ti pa orúkọ òun rẹ́. Ẹlòmíràn a di ẹ̀bi ru báálẹ̀. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a kó ìwọ̀nba owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó ní òun yóò bá a tún ọ̀ràn náà ṣe. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí bí a ṣe lè mọ ibi tí ìrànwọ́ ti dúró gan-an, àti ẹni tí ó yẹ kí a bi.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ká ní opó kan wà ní Ìjókò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, tí ó ń ta ẹ̀kọ nítòsí ojú irin fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ní Ṣàngó àti Ọ̀tà. Ọmọ mẹ́rin ni ó ń tọ́. A ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn aláìní, ó sì ti gba owó lẹ́ẹ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ aládùúgbò kà á fún un pé wọn kò tíì rí àrídájú orúkọ rẹ̀, àti pé owó rẹ̀ dúró ná.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ kan ti di mẹ́ta. Ẹnì kan ní ìjọba ti pa ètò náà tì. Ẹnì kejì ní wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Ẹnì kẹta ní kí ó mú 5,000 náírà wá, kí ó sì ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì rẹ̀ fún òun, òun yóò ṣí owó náà. Bẹ́ẹ̀, owó àgbàdo tí yóò fi po ẹ̀kọ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni 5,000 náírà yìí. Bí ó bá fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ kò ní rí jẹ, ọjà rẹ̀ náà yóò sì wó.

Ohun tí ó yẹ kí ìyá yìí kọ́kọ́ mọ̀ ni pé owó ìrànwọ́ a máa gba ẹnu ọ̀nà mẹ́rin kọjá kí ó tó dé ọwọ́ aláìní. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè tì, kí àwọn yòókù ṣí sílẹ̀.

ẸNU Ọ̀NÀ MẸ́RIN

Èkíní ni ìwé orúkọ. Ìjọba àpapọ̀ ní ìwé orúkọ kan fún àwọn aláìní ní gbogbo Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ọ́fíìsì tí ń kó orúkọ tirẹ̀ jọ. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ni ó ń yan orúkọ. A máa pe àwọn ará àdúgbò jọ. Àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ a jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a sì dárúkọ àwọn tí ìyà ń jẹ jù láàárín wọn. Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ yóò lọ sí ilé wọn láti béèrè iye ọmọ, irú iṣẹ́, àti irú ilé tí wọ́n ń gbé.

Èkejì ni yíyàn. Wíwà nínú ìwé yìí kò túmọ̀ sí pé owó ti di tẹni. Ètò kọ̀ọ̀kan a máa yan ìwọ̀nba orúkọ tí owó rẹ̀ lè gbé láti inú ìwé náà. Nítorí náà ẹni méjì tí a kọ orúkọ wọn lọ́jọ́ kan náà lè máà gba owó lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ṣe èrú.

Ẹ̀kẹta ni ìdánimọ̀. Ó gbọ́dọ̀ dájú pé ẹni tí a kọ sínú ìwé ni ẹni tí ń gba owó. NIN tàbí BVN, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nọ́ńbà 11, ni a fi ń mọ èyí.

Ẹ̀kẹrin ni ìsanwó, láti àpò ìjọba dé báǹkì, àti láti báǹkì dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ẹni tí a bá sọ fún pé "owó rẹ dúró" kò gbọ́dọ̀ bínú, kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀, kí ó tó mọ èwo nínú mẹ́rin yìí ni ó tì. Ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn tí kò tì, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò dùn ún.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Láti ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn ilé aláìní kan. Ṣùgbọ́n oṣù méjì-méjì ni a sábà ń san án pọ̀. Ẹni tí ó bá ń retí owó lóṣooṣù yóò rò pé ó ti dúró, nígbà tí àkókò rẹ̀ kò tíì pé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò, ìjọba kéde pé ilé mílíọ̀nù 15 yóò gba 25,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Kí ọ̀pọ̀ tó rí nǹkan gbà, ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá gbogbo ètò tí ó wà lábẹ́ àjọ ìrànwọ́ náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdádúró yìí kan oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ délé lébi ní oṣù náà lè rò pé ọ̀gá ilé-ìwé tàbí alásè ni ó jẹ oúnjẹ náà, bẹ́ẹ̀ Abùjá ni ìdádúró ti wá. Nígbà tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, ìjọba ní ẹni tí a bá ti fi NIN tàbí BVN dá mọ̀ nìkan ni yóò gbà á. Ẹnu ọ̀nà kẹrin ni ó kọ́kọ́ tì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kẹta wá di ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí. Kò sí èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ti pa orúkọ rẹ́ nínú ìwé.

Àwọn ará Ìjókò kò ní gbàgbé ọdún 2020. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Abùjá jókòó sílé fún ọjọ́ 14 nítorí àrùn kòrónà. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 30, ṣùgbọ́n a sún ti Ìpínlẹ̀ Ògùn sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ sílé. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ìjókò, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó, rí ìkéde kan tí ó ní ọjọ́ méjì. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ènìyàn já ilé ìṣúra tí a kó oúnjẹ ìrànwọ́ sí ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí wọ́n gbà pé ńṣe ni a fi oúnjẹ náà pamọ́ fún wọn. Bí ìkéde kò bá yéni, àhesọ ni yóò gba ipò rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 42 ni ìjọba ń fi owó sínú káàdì fún lóṣooṣù ní ọdún 2025 láti fi ra oúnjẹ. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, owó oúnjẹ oṣù Kọkànlá kò wọlé fún ọ̀pọ̀ wọn lásìkò. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ pé kò sí owó. Wọ́n tún gbọ́ pé ìdajì ni yóò wá. Ilé-ẹjọ́ ní kí a san gbogbo rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù sì ní kí a dúró ná. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba padà, owó náà padà. Ẹni tí ó bá ti ju káàdì rẹ̀ nù nítorí ìbínú ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà tuntun.

BÍ A ṢE Ń KA ÌKÉDE

Bí ìwé tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù bá dé, ẹni tí a kọ ọ́ sí, tàbí ẹni tí ń bá a kà á, gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Ta ni ó kọ ọ́? Ìwé tí kò ní orúkọ ọ́fíìsì, àhesọ ni, bí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ tilẹ̀ pupa.
2. Ọjọ́ wo ni a kọ ọ́? Ìkéde àtijọ́ a máa káàkiri bí ẹni pé tuntun ni.
3. Kí ni ó dúró: orúkọ, àbí owó?
4. Ṣé ó dúró ná ni, àbí ó parí? Ọ̀rọ̀ méjì yìí kò jọra rárá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹni tí ń sáré túmọ̀ lè da wọ́n pọ̀.
5. Kí ni wọ́n ní kí a ṣe, ọjọ́ wo ni ó sì gbẹ̀yìn?

A kì í pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù, a kì í sì í ju ìwé náà nù. Kí a kọ ọjọ́ tí ó dé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sì fi í sí ibi tí a ń fi ìwé ìbí ọmọ sí.

ORÚKỌ TÍ KÒ BÁRA MU

Ohun kan wà tí ó sábà ń ti ẹnu ọ̀nà kẹta mọ́ àwọn ìyá wa. Ládùúgbò, Ìyá Lágbájá ni a ń pè wọ́n. Nínú ìwé aláìní, ó lè jẹ́ orúkọ ọkọ ni wọ́n fi sílẹ̀. Lórí NIN, ó lè jẹ́ orúkọ bàbá. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí olúkúlùkù wo orúkọ orí NIN, ti báǹkì àti èyí tí ó fi sílẹ̀ nínú ìwé aláìní, kí ó rí i pé wọ́n bára mu. Ọ̀fẹ́ ni gbígba NIN fún ìgbà àkọ́kọ́. Àtúnṣe orúkọ ní owó tí ìjọba là sílẹ̀. Kí a béèrè iye rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí a sì gba rìsíìtì.

Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì ńkọ́? Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti báǹkì tí ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀, ó fẹ́ kó owó lọ ni.

Ẹ̀TỌ́ LÁTI BÉÈRÈ

Òfin ọdún 2011 kan fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, ọ́fíìsì náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Ó sì lè fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ di mímọ̀ pé òfin yìí de gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò lè tipa báyìí béèrè nípa bí a ṣe ń ṣe ètò náà ní ọ̀dọ̀ wọn. Ìbéèrè tí mẹ́wàá nínú wọn bá fọwọ́ sí a máa wúwo ju ti ẹnì kan lọ.

OHUN TÍ OPÓ NÁÀ YÓÒ ṢE

Kí ìyá ẹlẹ́kọ wa fi 5,000 náírà rẹ̀ ra àgbàdo. Kí ó wá ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí ó sì tún ọ̀rọ̀ náà kà fún un. Yóò rí i pé ìdánimọ̀ ni ó dúró, pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Kí ó mú fóònù rẹ̀, NIN rẹ̀ àti ìwé báǹkì rẹ̀, kí òun àti olórí àdúgbò jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀tà láti béèrè ibi tí a ti ń ṣe àtúnṣe. Kí ó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó dá a lóhùn àti ọjọ́ tí ó ní kí ó padà wá.

Owó náà lè pẹ́ síbẹ̀. Ìrànwọ́ kì í ṣe owó oṣù, ọlọ́gbọ́n kì í sì í ti orí rẹ̀ tọrọ gbèsè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹnu ọ̀nà náà bá ṣí, orúkọ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, yóò bára mu, àgbàdo yóò sì wà nínú ìkòkò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èwo nínú ẹnu ọ̀nà mẹ́rin náà ni ó tì ní oṣù Kìíní ọdún 2024? Báwo ni a ṣe mọ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àti ẹni tí a ti yàn?
3. Ta ni ó lè máa ka ìkéde fún àwọn tí kò mọ̀wé ní àdúgbò yín, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ó sì rọrùn fún un?