Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: BÍ A ṢE Ń GBA OKÙN GÌTÁ BÉÈSÌ LỌ́WỌ́ ÌPÁÀRÀ

Gìtá béèsì ni gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Òun ló ń dún kìì-kìì lábẹ́ orin. Bí béèsì bá dákẹ́, orin á dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Láyé àtijọ́, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú àwọn ẹgbẹ́ jùjú kan. Ní ọdún 1951, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Leo Fender, gbé gìtá béèsì oníná kan jáde. Okùn mẹ́rin ló ní. Irú rẹ̀ ni a ń rí lónìí lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ jùjú àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Okùn mẹ́rin yìí wọ́n. Ẹni tó ń fi orin jẹun, bí ó bá ń ra okùn tuntun ṣáá, kí ni yóò kù nínú owó òde tó lọ? Bí okùn bá sì já lójú agbo, ojú á ti onígìtá, inú olóde kò sì ní dùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí okùn ṣe lè pẹ́.

KÍ NI OKÙN YÌÍ?

Irin ni, kì í ṣe òwú. Irin tó le wà láàárín. A wá wé irin mìíràn mọ́ ọn lára, bí a ṣe ń wé òwú mọ́ igi. Nígbà púpọ̀, a ti fi níkẹ́ẹ̀lì bo irin tí a wé yìí kí ó má baà tètè dógùn-ún. Èyí tó nípọn jù sábà máa ń tó mìlímítà 2.7. Èyí tó tín-ín-rín jù máa ń tó mìlímítà 1.1.

KÍ LÓ Ń FA ÌPÁÀRÀ?

Ẹ ti rí ìpáàrà rí. Òun ni ohun pupa tó ń bo àdá, ọkọ́ àti páànù àtijọ́. Bí irin, omi àti atẹ́gùn bá pàdé, irin á dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá tún wọ̀ ọ́, á yára sí i.

Òógùn ọwọ́ wa ní omi, ó sì ní iyọ̀. Èyí ni pé onígìtá fúnra rẹ̀ ló ń gbé ọ̀tá wá bá okùn rẹ̀. Ìdọ̀tí ọwọ́ náà á tún wọ àárín irin tí a wé, ohùn á sì máa kú. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

KÍ LÓ Ń MÚ OKÙN JẸ?

Àwọn irin kéékèèké dábùú ọrùn gìtá. Nígbàkigbà tí a bá tẹ okùn, orí irin wọ̀nyí ló ń há sí. Níkẹ́ẹ̀lì á máa họ, ojú ibẹ̀ á sì tẹ̀ wọnú. Ibi tó họ yẹn ni ìpáàrà á gbà wọlé. Okùn tó ti dógùn-ún á tún máa họ irin ọrùn gìtá bíi fáìlì. Àtúnṣe ọrùn gìtá sì lè wọ́n ju okùn tuntun lọ.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

1. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó mú gìtá, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹ nù ún gbẹ.
2. Bí ẹ bá ta gìtá tán, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó gbẹ nu okùn kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ nu abẹ́ rẹ̀ náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nínú gbogbo ìtọ́jú, èyí ló ṣe pàtàkì jù.
3. Ẹ fi gìtá sínú àpò rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ tó ti rẹ fún òógùn sínú àpò kan náà.
4. Ẹ má gbé e sí ibi ọ̀rinrin, pàápàá lákòókò òjò. Ẹni tó ń gbé etí òkun, kí ó ṣọ́ra jù, nítorí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀.
5. Ẹ má tú páálí okùn tuntun títí ọjọ́ tí ẹ ó lò ó.

ÌBÉÈRÈ ỌMỌ IṢẸ́ KAN

Ọmọ iṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi epo ẹ̀rọ pa okùn yìí? Epo kì í jẹ́ kí àdá dógùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àdá kì í kọrin. Bí epo bá wọ àárín okùn, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ọn, ohùn á kú.

Ọmọ iṣẹ́: Bí mo bá wá sè é nínú omi ńkọ́, sà?

Ẹ̀gbọ́n: Ìdọ̀tí á jáde, ohùn á sì mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n sísè kò lè dá irin tó ti jẹ padà. Bí o kò bá jẹ́ kó gbẹ dénú, ìpáàrà tuntun lo ń sè yẹn. Bí o bá sì ń tú u, tí o tún ń so ó lemọ́lemọ́, ó lè já.

OKÙN KÌ Í ṢE Ọ̀KAN

Irin róbótó ni a wé mọ́ àwọn okùn kan. Ohùn wọn mọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tètè ń há sí wọn lára. Irin pẹlẹbẹ ni a wé mọ́ àwọn mìíràn. Ara wọn ń dán, wọ́n sì ń pẹ́. Irú èyí ni James Jamerson lò, gbajúmọ̀ onígìtá béèsì ní Detroit, Amẹ́ríkà, tó kú ní 1983. A mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í pààrọ̀ okùn àfi bí ó bá já, nítorí ohùn tó wálẹ̀ ló fẹ́. Ẹni tó ń fẹ́ ohùn tó mọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Ẹ fi ìka wo abẹ́ okùn. Bí ó bá ti tẹ̀ wọnú, tàbí tó ti pupa, tàbí tí ohùn rẹ̀ kò ṣe déédéé mọ́ bí ẹ ti ń gòkè ọrùn gìtá, ìgbà rẹ̀ ti tó. Ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà kí ohùn wọn lè bára mu. Ẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọrùn gìtá má baà dẹ̀ lójijì.

Aṣọ gbígbẹ kan kò tó nǹkan. Bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, owó òde yín á dúró lápò.

ÌBÉÈRÈ

1. Àwọn nǹkan mẹ́ta wo ló ń pàdé kí irin tó dógùn-ún?
2. Kí ló wà nínú òógùn tó ń ba okùn jẹ́?
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi epo pa okùn?
4. Ẹ wo gìtá kan nítòsí yín. Ṣé okùn rẹ̀ ṣì dára? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?