Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: Ẹ̀rọ Náà Kò Bàjẹ́

Ẹ ka àyọkà yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wo àlàyé gírámà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àyọkà

Mo ní sìkánà kan nílé tí mo rà ní ọdún 2004. Ó tóbi, ó wúwo, ó sì máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ kan tí fóònù yín kò lè ṣe dáadáa: ó ń ka fíìmù, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò láyé àtijọ́.

Nígbà tí màmá mi ṣaláìsí, wọ́n fi páálí kan sílẹ̀. Fíìmù ló kún inú rẹ̀: ìgbéyàwó wọn ní Abẹ́òkúta, ìkómọjáde mi, ìsìnkú bàbá àgbà. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà kò sí lórí bébà níbikíbi mọ́. Fíìmù nìkan ló kù, òun náà sì ti ń ṣá.

Mo ti ṣe bí ìdajì wọn nígbà tí mo fi ẹ̀dà tuntun ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà sórí kọ̀ǹpútà mi. Lọ́jọ́ kejì, mo ki wáyà sìkánà bọ kọ̀ǹpútà. Iná tàn. Ẹ̀rọ pariwo. Kọ̀ǹpútà kò dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n gbé e jù nù. Wọ́n ní, “Ó ti bàjẹ́.”

Kò bàjẹ́. Ògbufọ̀ ló kúrò láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè sìkánà, sìkánà náà kò sì gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà. Ètò kékeré kan ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún ara wọn. Dráífà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ti wá. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló sábà máa ń kọ dráífà rẹ̀, fún irú kọ̀ǹpútà tó wà lóde nígbà náà. Bí kọ̀ǹpútà bá yí padà gan-an, wọ́n ní láti tún dráífà náà kọ. Bí wọ́n bá sì ti ń ta sìkánà mìíràn, ta ni yóò sanwó fún ti àtijọ́? Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Ìyípadà tó pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ ni ti 32-bit sí 64-bit. Windows tó jẹ́ 64-bit kì í gba dráífà 32-bit rárá. Ní ti Apple, macOS Catalina, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, kò gba ètò 32-bit kankan mọ́.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà tilẹ̀ rí ẹ̀rọ náà. Rírí yàtọ̀ sí gbígbọ́ èdè. Lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager. Bí ẹ bá rí àmì ìyanu lórí àwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín, kí inú yín dùn: kọ̀ǹpútà rí i, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ògbufọ̀ nìkan ni kò sí. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Gbogbo ẹ̀rọ USB ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ méjì, ọ̀kan fún ẹni tó ṣe é, ọ̀kan fún irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kan náà lè ní orúkọ ọ̀tọ̀ ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ ti wá dráífà. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn olè a máa fi ètò burúkú pamọ́ sínú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tèmi kò ní in mọ́. Linux ló gbà mí. Àwọn tó ń ṣe SANE, ètò ọ̀fẹ́ fún sìkánà, ti kọ ògbufọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn tó ṣe wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n ní àkójọ orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀. Ẹ wá tiyín níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò ní láti pa nǹkan kan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín. Mo fi Ubuntu sórí fláàṣì, mo tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì náà, mo sì kọ scanimage -L. Orúkọ sìkánà mi jáde.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi ni, nínú àdìrẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kò sí nínú fọ́tò. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n pè mí kíá. “Aṣọ yẹn, èmi ni mo bá wọn lọ rà á ní Ìtòkú.”

Gírámà: ṣì, mọ́, tíì

Sìkánà náà ṣì ń ṣiṣẹ́.
Sìkánà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́.
Sìkánà náà kò tíì ṣiṣẹ́.

Nínú gbólóhùn kìíní, ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Nínú ìkejì, ó ti dáwọ́ dúró. Nínú ìkẹta, a ṣì ń retí rẹ̀. Tíì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Mọ́ máa ń tẹ̀ lé àbọ̀: kò gba dráífà mọ́. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú “kò bàjẹ́” àti “kò tíì bàjẹ́.” Ẹni tó bá sọ ìkejì ti ń retí pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Pẹ̀lú sìkánà mi, n kò lè bá a jiyàn.

Ẹ tún kíyè sí i pé àbọ̀ máa ń wọ àárín tún…ṣe àti ba…jẹ́: ẹ tún sìkánà ṣe, ẹ má ba fíìmù jẹ́.

Ìdánrawò

1. Kí ni ẹ̀gbọ́n òǹkọ̀wé rò pé ó ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?
2. Kí nìdí tí òǹkọ̀wé fi pe dráífà ní ògbufọ̀?
3. Ẹ pe àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín. Ẹ bi wọ́n pé: “Ẹ̀rọ wo ni ẹ ṣì ní nílé tí kò ṣiṣẹ́ mọ́?” Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní gbólóhùn márùn-ún, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.