Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa: Ọpọlọ àti Ara

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn ọmọ yín.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì kan ìkòkò gbígbóná, kíá ni ẹ ó fà á sẹ́yìn, kí ẹ tó mọ ìrora rárá. Àwọn iṣan tín-ín-rín ló jíṣẹ́ fún okùn iṣan tí ó wà nínú egungun ẹ̀yìn. Òun ló ní kí ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yẹn dé ọpọlọ, tí ẹ wá ké pé, "Yéè!"

Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Apá ọ̀tún ló ń darí ti òsì. Ọpọlọ ló ń mú wa mí, kódà lójú oorun. Ara náà ń tọ́jú ọpọlọ: ẹ̀jẹ̀ ń gbé atẹ́gùn àti agbára oúnjẹ lọ bá a.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìdí nìyí tí ó fi wà nínú agbárí líle.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí a bá ń bá ọmọ wí, kí a má ṣe gbá a lórí. Bí ọmọ bá fi orí gbálẹ̀, tí ó dákú, tí ó ń bì léraléra, tàbí tí ó ń tòògbé ju bó ṣe yẹ, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè:
1. Apá ọpọlọ wo ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún?
2. Kí ló ń dáàbò bo ọpọlọ?