Ìmọ́lẹ̀ Nídìí Iṣẹ́ Wa

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, púpọ̀ nínú wa ni ó ń jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ. Bí ọrùn àti èjìká bá ń dùn wá, àga ni a máa ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iná tí a fi ń ṣiṣẹ́.

Bí ojú kò bá rí abẹ́rẹ́ dáadáa, ara ni yóò sún mọ́ ọn. Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bí kílò 5. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn ni yóò máa gbé e dúró. Ọjọ́ orí tún dá kún un: ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ojú ẹni 60 ọdún kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹni 20 ọdún lọ. Iná tí ó tó ọmọ iṣẹ́ wa lè máà tó àwa.

Kí ni kí a ṣe?

1. Kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ti ọwọ́ òsì wá, kí òjìji ọwọ́ ọ̀tún má baà bo iṣẹ́. Ẹni tí ń lo ọwọ́ òsì, kí ó yí i padà.

2. Kí iná sún mọ́ aṣọ, kí ó má sì tàn sí wa lójú. Bí a bá sọ gílóòbù kalẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lórí aṣọ yóò tó ìlọ́po 4.

3. Aṣọ dúdú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí iná bá lọ, kí ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

4. Bí ojú bá ṣú síbẹ̀, kí a tètè rí dókítà ojú.

Ìbéèrè: Níbo ni òjìji ọwọ́ yín ń bọ́ sí nígbà tí ẹ bá ń ránṣọ?